Ọmọ fẹ́ ṣe lọ́yà: ṣé Ifẹ̀ ni àbí UNIOSUN?

Ìyá Adéọlá
Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló fẹ́ dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín. Adéọlá gba 238 nínú JAMB. Ìmọ̀ òfin ló fẹ́ kà, láti kékeré ló ti ń wí i. OAU, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ifẹ̀, ló kọ́kọ́ mú torí pé bàbá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn sétí. Ifẹ̀ ni òun náà ti jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ bá jókòó tì mí ní kíṣìnì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣe àyípadà sí UNIOSUN. Mi ò fẹ́ wọlé ní ọmọ ọdún 17 kí n wá jáde ní 25." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òṣogbo la ń gbé, ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ni UNIOSUN ni wá, kò sí èyí tó jìnnà sí wa nínú méjèèjì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, àyè àyípadà lọ́dọ̀ JAMB kò ní pẹ́ parí.

Àgbà Fájuyì
Ìyá wa, ẹ fi ọmọ yẹn sí Ifẹ̀. Kí ni ká tún máa jiyàn lé lórí? Yunifásítì tó ti ń kọ́ ọmọ láti 1962, tó ń jẹ́ University of Ife kí wọ́n tó fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é ní 1987, ẹ fẹ́ fi wé èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006? Femi Falana, Ifẹ̀ ló ti ka òfin. Olóògbé Rotimi Akeredolu tó ṣe gómìnà Oǹdó, Ifẹ̀ ni. Ẹ wọ kóòtà èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ó rí lọ́yà tó máa ní Ifẹ̀ lòun, ẹlòmíì á dáhùn lẹ́yìn pé Ifẹ̀ lòun náà, wọ́n á sì máa ṣe bí ọmọ ìyá. Irú àwọn yẹn ló máa gba ọmọ yín síṣẹ́ lọ́la. Mo gbé gbọ̀ngàn Fájuyì, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọmọ Ìkirè
Ẹ̀gbọ́n Fájuyì, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn tí ẹ dárúkọ yẹn jáde, àwọn òbí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì mọra wọn. Ọmọ òde òní ni Ìyá Adéọlá fẹ́ rán lọ síléèwé. Ẹ jẹ́ ká ka oṣù. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹta 2020, ó di Oṣù Kejìlá kí wọ́n tó dá a dúró. Mo mọ̀ pé Kòrónà wà nínú tìyẹn. Ó tún di 14 Oṣù Kejì 2022, wọn kò padà títí di 14 Oṣù Kẹwàá. Oṣù 17 rèé láàárín ọdún mẹ́ta! Nígbà tí èyí ti 2022 ń lọ lọ́wọ́, UNIOSUN kò dara pọ̀, wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn lọ. Èmi kàwé jáde ní kámpọ́ọ̀sì Ìkirè, ọdún mẹ́rin tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbaniwọlé mi ni mo lò. Ọmọ ìyá mi wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. 2016 ló wọlé fún ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún, 2023 ló jáde. Ọdún méjì ni mo fi ṣe àgbà fún un níléèwé bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá Adéọlá
Ha, ọdún méje fún ọdún márùn-ún! Ohun tó ń ba ọmọ mi lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Olùkọ́ Àgbà
Mo jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba kan, ọmọ ẹgbẹ́ ASUU sì ni mí. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì bí ẹni pé eré la fi ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé kámpọ́ọ̀sì UNIOSUN, ẹ gbójú sókè sára àwọn ilé ńlá ibẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ TETFund sí ọ̀pọ̀ wọn lára. Níbo ni owó yẹn ti wá? Àdéhùn tí ASUU bá ìjọba ṣe ní 1992 lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ló bí òfin owó orí ẹ̀kọ́ ti 1993, òun ló padà di TETFund ní 2011. Yunifásítì ìpínlẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀ bí ti ìjọba àpapọ̀ ṣe ń jẹ. Àwọn tó fi oṣù mẹ́jọ jókòó sílé láìgba owó ni ilé yẹn ń ti ọwọ́ wọn wá. Mi ò ní kí ọmọ má lọ UNIOSUN. Mo kàn ní ká má fi ìyà àwọn olùkọ́ ṣe ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn.

Ọmọ Ìkirè
Olùkọ́, ẹ má bínú, sà. Òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì bá ASUU jà. Àmọ́ ọmọ ọdún 17 kọ́ ló máa fi ìgbà èwe rẹ̀ san gbèsè tí ìjọba jẹ yín.

Olùkọ́ Àgbà
Mo gbà fún ẹ lórí ìyẹn, àbúrò mi.

Tíṣà Ìlá
Gbogbo yín ń jà lórí ibi tí ọmọ máa lọ, ẹnì kan ò tíì béèrè bóyá wọ́n máa gbà á. Ìyá Adéọlá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ ní nínú WAEC? Ẹ kọ gírédì márùn-ún tó jẹ mọ́ òfin fún mi.

Ìyá Adéọlá
Gẹ̀ẹ́sì B2, Lítíréṣọ̀ A1, Gọ́fánmẹ́ńtì B3, CRS B3, Ìṣirò C4, sà.

Tíṣà Ìlá
Ó káre, ọmọ gidi ni. Ẹ wo bí Ifẹ̀ ṣe máa ń ṣírò rẹ̀. Nínú 100, JAMB kó 50, ìdánwò àṣewọlé tiwọn kó 40, WAEC kó 10. Wọ́n á pín 238 yẹn sí 8, ó di 29.75. Nínú WAEC, A1 jẹ́ 2, B2 jẹ́ 1.8, B3 jẹ́ 1.6, C4 jẹ́ 1.4. Ẹ ro ti Adéọlá pọ̀: 1.8, 2, 1.6, 1.6, 1.4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8.4. Ó ti ní 38.15 lọ́wọ́ kó tó jókòó ṣe ìdánwò àṣewọlé rárá.

Òfin àti ìṣègùn wà lára ibi tí èrò pọ̀ sí jù lẹ́nu ọ̀nà Ifẹ̀. Ká kàn fi 70 ṣe àpẹẹrẹ ibi tí wọ́n fa ìlà sí. Ó ní láti gba 31.85 nínú 40 nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọmọ tó bá ń wo fóònù di aago méjìlá òru. Ohun kan ṣì wà tó lè ràn án lọ́wọ́: ọmọ Ọ̀ṣun ni. Fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ni wọ́n ń fi máàkì nìkan mú, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ àyíká, 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì ń rọ́ lẹ́yìn. Ọ̀ṣun wà nínú àyíká Ifẹ̀. Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó náà sì wà níbẹ̀, kí ẹ má lọ rò pé Ọ̀ṣun nìkan ló ni ín.

Ìyá Adéọlá
Olúwa ṣeun. Ọdún méjì la ti ń pariwo "Ifẹ̀, Ifẹ̀" nílé wa, a ò jókòó fi bírò ṣírò rẹ̀ rí. Ẹ ṣeun púpọ̀, Tíṣà.

Àgbà Fájuyì
Ọmọ tó gba A1 nínú Lítíréṣọ̀ máa gba 32. Ẹ fún un ní ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá kó máa gbìyànjú wọn.

Ẹlẹ́ran Òkè-Fíà
Yunifásítì Iléṣà ńkọ́? Ti ìpínlẹ̀ lòun náà, 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀.

Tíṣà Ìlá
Ó wà lóòótọ́, ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n méjì tí ó ti dá ilé wọn rú yìí ná. Ẹ má fi ẹ̀kẹta kún un fún Ìyá Adéọlá.

Ẹ̀gbọ́n Bísí
Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti owó, torí èmi ni mo ń san án. Ọmọ méjì ni mo ní, ìkan wà ní ti àpapọ̀, ìkan wà ní ti ìpínlẹ̀. Lábẹ́ ìlànà ìjọba, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń gba dìgírì àkọ́kọ́, àwọn owó kéékèèké mìíràn ni wọ́n ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi kún ìyẹn náà. Ti ìpínlẹ̀ ń gba owó ẹ̀kọ́ gidi, ó sì máa ń ju ti àpapọ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó bá sọ pé kò yàtọ̀, kò san án rí.

Àmọ́ ẹ fi NELFUND sọ́kàn, ètò tí ìjọba fi ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Òfin rẹ̀ jáde ní Oṣù Kẹrin 2024. Àwọn ti àpapọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ti ìpínlẹ̀ wọlé lọ́dún yẹn kan náà. Iléèwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, ọmọ lè béèrè owó oúnjẹ, ₦20,000 lóṣù. Kò ní èlé, ìgbà tí ọmọ bá ti parí àgùnbánirọ̀ fún ọdún méjì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ẹ rí i dájú pé orúkọ tó wà lórí NIN rẹ̀ bá ti JAMB mu, kí lẹ́tà kan má lọ yàtọ̀. Ti ọmọ mi, "Olúwáseun" àti "Oluwaseyi" ni wọ́n fi dárú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Lọ́yà Ẹ̀bá Ọ̀nà
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òfin, mo sì ti gba ọmọ láti iléèwé oríṣiríṣi sí ọ́fíìsì mi. Ìyá Adéọlá, ìbéèrè tí ẹ bi wá jẹ́ ti yunifásítì. Ọmọ yín kò ní ka yunifásítì, fákọ́tì òfin ni yóò kà. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ojú lọ.

Ẹni tó fẹ́ jẹ́ lọ́yà nílẹ̀ yìí, tó bá kúrò ní yunifásítì lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kò tíì di lọ́yà. Ó gbọ́dọ̀ lọ Law School. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ òfin, Council of Legal Education, ló ń fọwọ́ sí fákọ́tì, òun náà ló ń pín iye ọmọ tí fákọ́tì kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ lọ́dún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ rèé. Fákọ́tì kan lè ní àyè 100, kó gba ọmọ 180 wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde, 100 á lọ, 80 á jókòó sílé dúró de ọdún tó ń bọ̀, àwọn ti ọdún yẹn náà á tún dé bá wọn. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó parí dìgírì rẹ̀ tó sì fi ọdún méjì ta aṣọ òkìrìkà kó tó kan án. Kò sí ìyanṣẹ́lódì ní iléèwé rẹ̀ o! Ó jáde lásìkò. Àyè ni kò sí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ka oṣù ASUU nìkan kò tíì ka oṣù tán. Ẹ lọ sí Ifẹ̀, ẹ lọ sí Ifẹ́tẹ̀dó tí fákọ́tì òfin UNIOSUN wà. Ẹ bi àwọn ọmọ ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún: àyè mélòó ni wọ́n ní? Ọmọ mélòó ló wà nínú kíláàsì wọn? Àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, mélòó ló ti lọ, mélòó ló wà nílẹ̀? Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì nìkan.

Ní ti orúkọ, òótọ́ ni pé àwọn ọ́fíìsì ńlá kan l'Ékòó máa ń wo ibi téèyàn ti kàwé. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìparí Law School, ìkan náà ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń ṣe. Ìwé tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò tí ẹnì kan bá wá wáṣẹ́.

Àgbà Fájuyì
Ọ̀gá lọ́yà, ti àyè Law School yìí, n kò rò ó dé ibẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ lèmi kà. Ó yẹ kí n dákẹ́ díẹ̀.

Bàbá Adéọlá
Ẹ kú alẹ́ gbogbo yín. Ìyàwó mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó hàn bí ẹni pé alágídí ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo dé Ifẹ̀, n kò kúrò nílé àwọn òbí mi rí. Nínú ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi, àga kan wà nítòsí fèrèsé tí mo máa ń sáré lọ mú ní ìdájí. Ọkùnrin kan láti Calabar ló máa ń jókòó tì mí. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Ìṣirò ń dà mí láàmú, òun ló máa fa ìwé mi mọ́ra, á fi pẹ́ńsùlù rẹ̀ to nọ́ńbà náà sísàlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì dúró títí n ó fi mi orí pé ó yé mi. Òun ló bá mi wá yàrá tí mo kọ́kọ́ gbé l'Ékòó lẹ́yìn tí a jáde. Ó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi wà lára àwọn tó gbé e. Tí mo bá sọ pé "Ifẹ̀", ìyẹn ni mò ń rí. Mo fẹ́ kí ọmọ mi pàdé irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ibi tí kò mọ̀.

Ọmọ Ìkirè
Bàbá, Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Mo gbọ́ yín yékéyéké, sà. Òótọ́ ni pé ìpínlẹ̀ yìí lọ́pọ̀ àwa ọmọ UNIOSUN ti wá, ẹ̀yin lẹ jàre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí lójú ara mi. Ọmọ àbúrò bàbá mi ka òfin ní Ifẹ́tẹ̀dó. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìgbẹ́jọ́ àfiṣeré. Ó wọ aṣọ dúdú tó fẹ́ tóbi jù ú, ìwé ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbàgbé ibi tó kù. Olùkọ́ tó ṣe adájọ́ pe orúkọ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe nọ́ńbà mátíríìkì. Ó ní, "Mí sínú, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìpínrọ̀ kejì." Ó bẹ̀rẹ̀. Ìlú kékeré ni, oko kòkó ló yí wọn ká, kò sí ariwo púpọ̀, olùkọ́ mọ ọmọ. Ìyẹn náà ní ohun tó ń kọ́ni.

Bàbá Adéọlá
O ṣeun, ọmọ mi. Mo gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Bísí
Bàbá, ẹ dárí jì mí o, ẹnì kan ò tíì béèrè ohun tí Adéọlá fúnra rẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn tó ti gbọ́ gbogbo èyí.

Ìyá Adéọlá
A ti bi í. Àná, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bàbá rẹ̀ ló pè é jókòó, ó fi ìṣirò Tíṣà Ìlá hàn án. Ọmọ mú ìbéèrè ọdún kan tó ti kọjá, a fi fóònù ka àkókò fún un. Ó gba 26 nínú 40. Tí a bá fi kún 38.15, ó di 64.15. Inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, ó ní òun rò pé òun á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ kò pariwo, ó ní, "Mo mọ̀ pé o lè ṣe é, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o pàdánù ọdún yìí torí ìrántí tèmi." Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ná an ní nǹkan.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé a ò ní fọwọ́ kan JAMB títí di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ. Ifẹ̀ la máa kọ́kọ́ dé láàárọ̀, lẹ́yìn náà Ifẹ́tẹ̀dó, torí kò jìnnà síbẹ̀. Adéọlá ti kọ ìbéèrè Lọ́yà Ẹ̀bá Ọ̀nà sínú ìwé kékeré kan, ó ní òun lòun máa bi wọ́n fúnra òun, ká dúró lẹ́yìn.

Lọ́yà Ẹ̀bá Ọ̀nà
Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà. Kó fi ìkan kún un: iye olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní gbogbo ìgbà, yàtọ̀ sí àwọn tó ń ti ibòmíràn wá. Nígbà tí wọ́n bá wá yẹ fákọ́tì wò, ó wà lára ohun tí wọ́n máa ń kà.

Tíṣà Ìlá
Kó sì máa ṣe ìbéèrè àtijọ́ kan lójúmọ́ títí di ọjọ́ ìdánwò àṣewọlé. 26 lè di 30 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyá Adéọlá
Ó ti wà nídìí ìkan báyìí, sà. Bàbá rẹ̀ ló ń bá a ka àkókò.